Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Ìdánwò Tó Dúró Láàárín Kíláàsì àti Ìwádìí Oyè Ọ̀mọ̀wé

Lẹ́tà tó dé sọ́wọ́ wa lórí ìdánwò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD ń ṣe nínú ìmọ̀ ìṣèlú ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà pọ̀ débi pé a kó wọn jọ sójú kan lóṣù yìí. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Bí ìwé ìlànà ẹ̀ka tiyín bá ta ko ohun tí a sọ níbí, ti ẹ̀ka yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ wa obìnrin ti lo ọdún méjì lẹ́nu PhD nínú ìmọ̀ ìṣèlú ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi í pé níbo ló kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ dé, á ní òun ò tíì bẹ̀rẹ̀, pé ìdánwò kan ló wà níwájú òun. Ìdánwò wo ni èèyàn tún ń ṣe lẹ́yìn máàsítà? Ṣé kì í ṣe pé ó ń fi nǹkan pa mọ́ fún wa? (Ìyá akẹ́kọ̀ọ́)

Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, òótọ́ lọmọ ń sọ. Apá méjì ni wọ́n pín ẹ̀kọ́ PhD sí ní Amẹ́ríkà. Apá kìíní jẹ́ ti kíláàsì. Nǹkan bí ọdún méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba kọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ó ń kàwé, tí ó ń kọ àròkọ, tí ó sì ń kọ́ ìṣirò tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí. Ẹni tó ti gba máàsítà níbòmíràn pàápàá sábà máa ń jókòó sí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ́ọ̀sì wọ̀nyí. Apá kejì ni ti ìwádìí. Ìdánwò tí ọmọ yín ń sọ ló dúró láàárín méjèèjì, ẹni tí kò bá sì yege nínú rẹ̀ kò lè kọjá.

Orúkọ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ń pè é ní comps níbì kan, níbòmíràn quals, prelims, generals tàbí field exams. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Kò jọ ìdánwò ìparí kọ́ọ̀sì, tí olùkọ́ ń béèrè kìkì ohun tó kọ́ni ní sáà kan. Odindi abala ìmọ̀ ni wọ́n fi ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò, ì báà jẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì, ì báà jẹ́ pé wọn ò mẹ́nu bà á rí. Ẹni tó bá yege, tí àbá ìwádìí rẹ̀ náà sì gba ìfọwọ́sí, ni wọ́n ń pè ní candidate. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn á ní àwọn ti di ABD, ìyẹn ni pé gbogbo nǹkan ti parí, ó ku ìwé ìwádìí. Columbia àti Yale tiẹ̀ máa ń fún ẹni tó bá dé ìpele yìí ní oyè MPhil, tó wà láàárín máàsítà àti PhD, á sì máa bá PhD rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹni tó wà ní ìparí ọdún kejì tí kò tíì kọ ojú ewé kan nínú ìwé ìwádìí rẹ̀ kò pẹ́ lẹ́yìn rárá. Ohun tí ẹ lè bi í ni ọjọ́ tí ìdánwò bọ́ sí, torí lọ́pọ̀ ibi, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún: ní oṣù kẹjọ kí sáà tuntun tó wọlé, àti ní oṣù kìíní tàbí ìkarùn-ún. Ní oṣù mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ náà, tí ẹ bá pè é tí kò gbé fóònù, ẹ má bínú sí i.

Ọ̀rẹ́ mi ń ṣe PhD tirẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣèlú nílùú Ọba, kò sì sí irú ìdánwò yìí níwájú rẹ̀. Ṣé tiwọn rọrùn jù tiwa ní Amẹ́ríkà lọ ni?

Rárá o. Nílùú Ọba, inú ìwádìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n sì ń retí kó fi parí. Ohun tó sún mọ́ comps lọ́dọ̀ wọn ni upgrade: akẹ́kọ̀ọ́ á kó àbá rẹ̀ àti orí kan tàbí méjì sílẹ̀, àwọn olùyẹ̀wò á jókòó tì í, wọ́n á sì sọ bóyá kó tẹ̀ síwájú. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó máa bi onímọ̀ ìdìbò nípa ohun tó ń fa ogun láàárín orílẹ̀-èdè. Kánádà ní tirẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlànà Amẹ́ríkà.

Ẹ̀ka wa ní kí á mú abala pàtàkì kan àti abala kejì fún ìdánwò. Ìdìbò ní àwọn orílẹ̀-èdè Latin America ni mo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Ọkàn mi wà nínú political theory fún abala kejì, àwọn ẹgbẹ́ mi ní methods ni kí n mú. Èwo ni kí n ṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní)

Abala tó wọ́pọ̀ nínú ìmọ̀ ìṣèlú ní Amẹ́ríkà ni márùn-ún: ìṣèlú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, comparative politics tó ń fi ètò ìṣèlú orílẹ̀-èdè wé ara wọn, àjọṣe láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, political theory tó ń yẹ èrò wò lórí bó ṣe yẹ kí ìjọba rí, àti methods, ìyẹn ọgbọ́n ìwádìí. Àwọn ẹ̀ka mìíràn fi òfin àti ilé ẹjọ́, ètò ìlú, tàbí ìṣèlú ẹ̀yà kún un. Comparative ni abala pàtàkì tiyín, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú.

Fún abala kejì, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ẹ̀ka yín gbà kí èèyàn fi kọ́ọ̀sì dípò ìdánwò methods. Ọ̀pọ̀ ibi ló gbà á: bí ẹ bá ṣe kọ́ọ̀sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí máàkì yín sì dára, ó ti tán. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí lẹ fẹ́ máa fi ìdánwò kan ṣòfò lé e lórí? Ẹ kọ́ ọ ní kíláàsì, kí ẹ fi ààyè ìdánwò mú abala mìíràn.

Political theory kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà kíákíá. Láti Plato, onímọ̀ Gíríìkì àtijọ́, títí dé Rawls ti ọ̀rúndún ogún, ojúlówó ìwé wọn ni wọn ó ní kí ẹ kà, kì í ṣe àlàyé ẹlòmíràn nípa wọn, ojú ewé ogún lè gba odindi ọ̀sán kan. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé díẹ̀ ló pa pọ̀ mọ́ àkójọ ìwé comparative, ìlọ́po méjì iṣẹ́ ni ẹ máa ṣe. Lójú tiwa, ìṣèlú Amẹ́ríkà ló máa gbè yín jù. Ìdìbò, ẹgbẹ́ òṣèlú, ilé aṣòfin, ìhùwàsí olùdìbò, gbogbo wọn ló wà nínú àkójọ méjèèjì. Bí ẹ bá sì ń wá iṣẹ́ lọ́la, abala tí ẹ ṣe ìdánwò lé lórí ni ẹ máa fi sọ pé ẹ lè kọ́ni, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà ló sì máa ń wá ẹni tó lè kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní ìṣèlú orílẹ̀-èdè wọn. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìbéèrè ìwádìí yín gan-an dá lórí ohun tó sọ ìjọba di ti ẹ̀tọ́, ẹ mú theory, kí ẹ sì fún un ní oṣù méjì sí i.

Ohun kékeré kan tó ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró rèé: ẹni tó bá ṣì ní kọ́ọ̀sì tí kò parí, tí wọ́n kọ incomplete sí, kì í sábà rí ààyè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Àròkọ kan tí ẹ jẹ olùkọ́ ní gbèsè látọdún kìíní lè fi oṣù márùn-ún dá yín dúró.

Àkójọ ìwé tí wọ́n fún wa lé ní 200. Láti orí èyí àkọ́kọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bọ̀. Oṣù kan ti lọ, 19 péré ni mo tíì kà, ó sì ku oṣù mẹ́ta. Ẹ gbà mí.

Ẹ pa àkójọ yẹn dé ná. Ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ni èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́dọ̀ akọ̀wé tó ń mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD, tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe é ṣáájú yín. Ẹ kó ti ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá jọ, kí ẹ tò wọ́n sábẹ́ àkòrí. Ẹ ó rí i pé àkòrí mẹ́jọ sí méjìlá ló ń yí padà yí padà, tí wọ́n kàn ń pààrọ̀ aṣọ fún. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó padà sórí àkójọ ìwé, kí ẹ pín in sábẹ́ àkòrí wọ̀nyẹn. Àwọn ìwé kan kò ní bọ́ sábẹ́ èyíkéyìí. Àwọn yẹn lẹ máa kà gbẹ̀yìn, tàbí kí ẹ má kà wọ́n rárá.

Ẹ wá ṣírò ọjọ́. Bí ó bá ku nǹkan bí 180 fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, tí ẹ sì ya ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn sọ́tọ̀ fún kíkọ nìkan, ogún ni ẹ ó máa kà lọ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ka ìwé ogún láti èèpo dé èèpo lọ́sẹ̀ kan, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ àkójọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ àkòrí kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta sí márùn-ún ni àwọn yòókù ń dá lóhùn. Ẹ ka àwọn yẹn dáadáa. Àpilẹ̀kọ inú jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 40. Ìwé ńlá, ẹ fún un ní wákàtí méjì: ẹ ka ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ka ìparí, ẹ ka orí kan tó ti fi ẹ̀rí hàn, lẹ́yìn náà kí ẹ wá àtúnyẹ̀wò kan tàbí méjì tí ẹlòmíràn kọ nípa rẹ̀ nínú jọ́nà. Àtúnyẹ̀wò yẹn ṣe kókó, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí ibi tí ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó.

Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má kọ ju ìdajì ojú ewé lọ: kí ni ó ń béèrè, kí ni ìdáhùn rẹ̀, báwo ni ó ṣe ní nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí wo ló mú wá, ta ló ń bá jiyàn, kí sì ni àbùkù rẹ̀. Ẹni tó ń kọ ojú ewé mẹ́fà sílẹ̀ lórí ìwé kan kò ní rí àkókò tún un kà. Nígbà tí àkòrí kan bá parí, ẹ kọ ojú ewé kan ṣoṣo tó so gbogbo wọn pọ̀. Irú ojú ewé méjìlá bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa gbé lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Àkójọ náà lè ti gbó o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kì í tún un ṣe lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ olùyẹ̀wò ń retí pé kí ẹ mọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Ẹ yẹ American Political Science Review, American Journal of Political Science àti jọ́nà kan tó jẹ́ ti abala yín wò fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí ẹ mú iṣẹ́ tuntun kan tàbí méjì fún àkòrí kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ ìkàwé ẹni mẹ́ta sí márùn-ún dára fún jíjiyàn. Ní ti pínpín àkọsílẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹnì kan bá ṣi ìwé kan lóye tó sì pín àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo yín, àṣìṣe kan náà ni olùyẹ̀wò máa bá nínú ìwé ìdáhùn márààrún, kò sì ní pẹ́ mọ̀ pé kò sí èyí tó ka ìwé náà nínú yín.

Mo kọ ìdáhùn àṣewò kan fún ọ̀jọ̀gbọ́n mi. Ó dá a padà, ó ní orúkọ àwọn onímọ̀ ni mo kàn ń tò. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tí mo kọ ló tọ̀nà. Kí ló kù? (Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì)

Ibi tí ìdánwò yìí ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀ sí i. Ẹ mú ìbéèrè kan tí kì í pẹ́ padà wá nínú comparative: ṣé bí orílẹ̀-èdè bá ṣe ń lówó sí i ló ṣe ń di ti ìjọba tiwa-n-tiwa?

Ìdáhùn tí wọ́n máa dá padà lọ báyìí: Lipset sọ ní 1959 pé ọrọ̀ àti ìjọba tiwa-n-tiwa jọ ń rìn. Przeworski àti Limongi sọ ní 1997 pé kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Boix àti Stokes sọ ní 2003 pé ó rí bẹ́ẹ̀. Acemoglu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní 2008 pé ọrọ̀ kọ́ ló ń fà á. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ojú ewé mẹ́fà, olùyẹ̀wò kò mọ ìdí tí àwọn èèyàn wọ̀nyí kò fi gbọ́ ara wọn yé, kò sì mọ ibi tí ẹ̀yin fúnra yín dúró sí.

Ìdáhùn tó yege máa kọ́kọ́ la ìbéèrè náà sí méjì. Ọ̀tọ̀ ni kí ọrọ̀ mú ìjọba tiwa-n-tiwa wọlé, ọ̀tọ̀ ni kó má jẹ̀ẹ́ kó ṣubú lẹ́yìn tó ti wọlé. Przeworski àti Limongi ló fa ìlà yìí. Wọ́n wo orílẹ̀-èdè 135 láti 1950 sí 1990, wọ́n sì rí i pé ìjọba apàṣẹwàá ń wó nílùú tálákà, ó ń wó nílùú olówó, onírúurú nǹkan ló ń fà á. Ṣùgbọ́n bí ìjọba tiwa-n-tiwa bá ti wọ ìlú olówó, ó ṣòro kó tó ṣubú. Nínú dátà wọn, kò sí èyí tó ṣubú níbi tí owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún ti ju ti Argentina ní 1975 lọ, ìyẹn dọ́là 6,055 ní iye owó ọdún 1985.

Ibí ni ìyàtọ̀ ti máa hàn. Boix àti Stokes kò kàn sọ pé rárá. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti 1950 ti pẹ́ dé: ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ sọ di ti ìjọba tiwa-n-tiwa ti yí padà kí ọdún yẹn tó dé, àwọn apàṣẹwàá olówó tó ṣẹ́ kù kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn tó ti lọ. Nígbà tí wọ́n fa dátà sẹ́yìn dé àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọrọ̀ tún di ohun tó ń mú un wọlé. Acemoglu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ibòmíràn yọ: wọ́n dẹ́kun fífi orílẹ̀-èdè kan wé òmíràn, wọ́n fi orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, ìsopọ̀ náà sì pòórá. Wọ́n ní ohun àtijọ́ kan nínú ìtàn orílẹ̀-èdè ló ń fa ọrọ̀ àti ìjọba tiwa-n-tiwa pọ̀. Ẹ rí i pé ìjà náà ti kúrò ní ti ta ló sọ kí ni. Ó ti di ti ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kí lo sì ń fi wé kí ni.

Ìgbà yìí ni ẹ tó lè dúró síbì kan. Ẹ lè sọ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ pé ẹ̀rí tó wà fi hàn pé ọrọ̀ ń dáàbò bo ìjọba tiwa-n-tiwa ju bó ti ń bí i lọ, pé àríyànjiyàn lórí bíbí náà sì rọ̀ mọ́ bí wọ́n ṣe to dátà. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi orílẹ̀-èdè gidi dán an wò. South Korea àti Taiwan là kí wọ́n tó yí padà ní ìparí àwọn ọdún 1980. Singapore là, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló sì ń ṣàkóso rẹ̀ láti 1959. India ò lówó nígbà tó gba òmìnira ní 1947, ìdìbò rẹ̀ ṣì ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mì láàárín 1975 sí 1977, nígbà tí ìjọba kéde ipò pàjáwìrì. Ẹ má sá fún èyí tó bá ta kò yín. Ẹ sọ ìdí tí kò fi wó àlàyé yín, tàbí kí ẹ sọ ibi tí àlàyé yín mọ.

Tí a bá ní ká fi ìwọ̀n sí i, ìdá kan nínú mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ ohun tí àwọn onímọ̀ wí. Ìdá méjì tó kù, ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí ẹ bá gbàgbé ọdún tí iṣẹ́ kan jáde, ẹ fi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tìtorí rẹ̀ já yín bọ́. Èyí tó burú ni kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan lé ẹlòmíràn lórí, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹni yẹn ló ń máàkì ìwé yín.

Wákàtí mẹ́jọ ni tiwa, inú yàrá, láìsí ìwé. Ọ̀rẹ́ mi ní ti àwọn jẹ́ àmúrelé ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Báwo ni kí n ṣe pín àkókò, èwo ló sì dáa jù?

Ká ní ìbéèrè mẹ́ta lẹ máa dáhùn nínú mẹ́jọ. Ẹ fi ìṣẹ́jú 20 ka gbogbo wọn, kí ẹ sì yan tiyín. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 30 láti to ìlà, 90 láti kọ ọ́, 15 láti tún un kà: wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ti yíyàn á jẹ́ wákàtí méje àti ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ku ìṣẹ́jú 55 fún oúnjẹ àti ìsinmi. Bí aago ti ìbéèrè kìíní bá ti lù, ẹ kúrò níbẹ̀. Ìdáhùn méjì tó dáa gidi pẹ̀lú ìdajì ẹ̀kẹta ni ó sábà máa ń kó èèyàn sí wàhálà, ju ìdáhùn mẹ́ta tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ.

Bí ẹ bá ń yan ìbéèrè, ẹ kíyè sí méjì tó máa fa ìdáhùn kan náà jáde. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ní òfin pé ẹ ò gbọ́dọ̀ tún ohun kan náà sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fàlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ìbéèrè ní kí ẹ ṣe. Tó bá ní kí ẹ ṣàlàyé, kí ẹ ṣe àríwísí, kí ẹ sì dá àbá ìwádìí, ohun mẹ́ta ló wí, èyí tó kẹ́yìn ni àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé.

Ti àmúrelé kò rọrùn jù. Bí ìwé ti wà lọ́wọ́, wọ́n ń retí kí ìtọ́kasí pé, kí èrò sì jinlẹ̀, òté sì wà lórí iye ojú ewé. Àwọn tó ń ṣe é tún máa ń fi ọjọ́ kìíní ka ìwé tuntun, ọjọ́ kejì ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, wọn ò sì ní sùn lọ́jọ́ kẹta. Ẹ kọ ìdáhùn kan lójúmọ́, kí ẹ sùn. Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni kí ẹ da àkọsílẹ̀ yín sínú ìdáhùn láì rántí pé gbólóhùn inú rẹ̀ kan, ẹ dà á kọ bó ṣe wà láti inú ìwé onímọ̀ kan ní oṣù méjì sẹ́yìn. Jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ ni wọ́n máa pè é. Nígbà tí ẹ bá ń kàwé, gbogbo gbólóhùn tí ẹ bá dà kọ, ẹ fi àmì àyọlò yí i ká lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá nílò àfikún àkókò nítorí àìlera, kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó o ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tọrọ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò.

Mo ti ṣe ti àkọsílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí wọ́n bi mí lẹ́nu. Kí ni wọ́n máa bèèrè?

Ìwé tí ẹ kọ ni wọ́n máa gbé síwájú. Ẹ tún un kà bí ọ̀tá ṣe máa kà á. Ibi tí ẹ ti sáré kọjá, ibi tí ẹ ti sọ ohun ńlá láìsí ẹ̀rí, ibẹ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí ẹ sá fún, ìyẹn àwọn tí ẹ kò yàn, torí wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ò mọ nǹkan kan nípa wọn. Nǹkan bí wákàtí kan sí méjì ni, ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀.

Wọ́n máa bi yín títí tí ẹ ò fi ní mọ ìdáhùn. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí nìyẹn, kì í ṣe ibi. Tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá fi kún un pé bí ẹ bá fẹ́ wádìí rẹ̀, ibí ni ẹ máa gbà. Ẹni tó ń hùmọ̀ ìwé tí kò ka ló ń bá ara rẹ̀ jẹ́. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n méjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jiyàn, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá a lọ. Àkókò yín ni wọ́n ń jẹ.

Wọ́n ní n kò yege. Orí físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, ni mo wà. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Kò tíì parí. Lọ́pọ̀ ibi, wọ́n á jẹ́ kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Níbòmíràn, ìdáhùn kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ ni wọ́n máa ní kí ẹ tún kọ. Ẹ kọ̀wé béèrè ohun tó jẹ́ àbùkù gan-an lọ́wọ́ olùyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè bóyá àwọn kan náà ló máa máàkì ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí ọ̀rọ̀ tí àwọn olùyẹ̀wò sọ bá ta ko ara wọn, ẹni tó ń darí ètò PhD ni kí ẹ gbé e lọ bá, kó sọ ohun tí wọ́n ń retí lórí ìwé. Ẹ béèrè nípa owó ìrànwọ́ yín náà, torí àwọn ẹ̀ka kan máa ń dá a dúró bí ẹni tó ń gbà á bá kọjá ọdún kẹta láì yege.

Bí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò bá ṣeé ṣe, máàsítà ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn kó fi máa lọ. Ní ti físà, ọ̀nà tí ẹ gbà jáde ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹni tó gba máàsítà jáde, tí wọ́n sì ti yí ìpele tó wà lórí I-20 rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fi ń jẹ́rìí sí ètò ẹ̀kọ́ tó ń ṣe, padà ṣáájú, parí ètò kan nìyẹn. Ẹni tó kàn fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kò parí nǹkan kan, ọjọ́ tó ní láti palẹ̀ mọ́ sì kéré gan-an sí ti ẹni àkọ́kọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé èyíkéyìí, ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ dé.

Àmúrelé ni tiwa. Ṣé mo lè lo AI láti tún ìdáhùn mi tò?

Ẹ fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ alága ìgbìmọ̀ ìdánwò, kí ẹ sì pa èsì rẹ̀ mọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún ní pàtó, torí àtúnṣe gírámà lè jẹ́ ohun tí wọ́n gbà, kí títo èrò má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọn ò bá fèsì kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Àwọn ohun èlò yìí tún máa ń hùmọ̀ àpilẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí, wọ́n á fi orúkọ onímọ̀ gidi sí i, wọ́n á fi ọdún sí i. Àwọn tó máa ka ìwé yín ti ń ka jọ́nà wọ̀nyẹn láti ogún ọdún sẹ́yìn, ìṣẹ́jú méjì ló máa gbà wọ́n láti mọ̀ pé kò sí irú rẹ̀.